Ohùn tí Èkúté Jẹ

Èkúté ni mo sọ fún un. Kí ni mo tún lè sọ? Ó bi mí lójijì lórí fóònù pé kí ló dá ihò sí sípíkà bàbá òun, ẹnu mi sì ti dáhùn kí orí mi tó gbọ́ — èkúté ni, ọmọ mi, ilé tá a gbé nígbà yẹn, èkúté ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn… mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó nídìí pátákó tẹlifóònù, tí mò ń so okùn ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíì. Kò sí irú ìdákẹ́ tí mi ò mọ̀. Ti ẹni tó ń wá bírò wà. Ti ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ ká gbọ́ wà. Ti ẹni tí kò gbà ọ́ gbọ́, àmọ́ tí àpọ́nlé ò jẹ́ kó sọ ọ́ jáde — irú ìyẹn ni ọmọ tí mo bí dá fún mi láàárọ̀ yìí.

"Onírédíò ní kì í ṣe èkúté o, Mọ́mì. Ó ní èkúté wo ló ní eyín mẹ́rin tó tò sórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé? Ó ní etí ni èkúté ti í jẹ nǹkan, kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín."

Onírédíò àti ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ìka ló fi ń mọ nǹkan tó ń tún ṣe, ìka yẹn náà ló wá fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí láti ọdún mọ́kànlélógójì.

Ọmọ mi ń bọ̀ ní aago méjì. Ó ní òun máa mú sípíkà tó ya yẹn dání, àti nǹkan kan tí wọ́n bá nínú àpótí. Irin tín-ínrín kan. Kò gùn tó ìka ọmọ ọwọ́, ó ní, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó tún sọ pé wọ́n… mi ò fetí sí ìyókù. Irin yẹn nìkan ni mo gbọ́.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo jókòó sí pálọ̀, mo kọjú sí àwọn méjèèjì. Àgbà wà nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, níbi tó ti wà láti ìgbà tá a ti kó wọ ilé yìí: ampilifáyà tí ọkọ mi fi ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde, àpótí pákó tí wọ́n fi awọ dúdú bò, igun rẹ̀ ti bó, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Kékeré wà lórí tábìlì. Kò tóbi ju ìwé orin lọ, bọ́tìnnì mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ojú gíláàsì kan tó ń tàn búlúù. Ọmọ mi ní ohùn àgbà ti wà nínú rẹ̀ pátápátá. Kì í sì í ṣe ti àgbà yìí nìkan. Ó ní igba irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ti àwọn tó ti kú, ti àwọn tó wà láàyè. "Èyí tó bá wù yín, Mọ́mì, ẹ ṣáà tẹ bọ́tìnnì." Bí ẹni ń yan bàtà.

Ayékòótọ́ ni mò ń pe kékeré. Ẹyẹ tó ń sín èèyàn jẹ. Ó gbọ́ ohùn olóhùn lẹ́ẹ̀kan, ó di tiẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn, ó ní ẹnu màmá òun ò lẹ́gbẹ́. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó kọjá ló ṣe é. Ó gbé maikirofóònù síwájú ẹnu àgbà, ó fi okùn so kékeré mọ́ ọn, kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán oríṣiríṣi ariwo wọ inú àgbà lọ — fíìì, kírr, fùùù — bíi dókítà tó ń fi ìka kan aláìsàn láyà kó lè gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wo aago. Iṣẹ́ tí ọkọ mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ mi na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ti yà á bí ẹni ya fọ́tò, nǹkan kan ò lè sọ nù mọ́. Ó ní ara òun náà á wá balẹ̀, ẹ̀yìn ti ń dun òun láti máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni mo ń sá sórí àpótí yìí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan. Àgbà máa ń gbóná, ó gbóná bí ẹranko. Gílóòbù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, fáàfù ni àwọn onímọ̀ rẹ̀ ń pè é, wọ́n á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, wọ́n á wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, eruku ara wọn á máa jó, òórùn rẹ̀ á gba ilé. O ò lè kánjú bá a. Èmi ni mo máa ń tàn án kalẹ̀ fún ọkọ mi bó bá ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Á pariwo láti ilé ìwẹ̀: "Ṣó ti gbóná?" Màá ní ó kù díẹ̀. Ó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi pé ó kù díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo nìyẹn nínú iṣẹ́ orin rẹ̀ tí ẹnu mi ṣì ká.

Ayékòótọ́ kì í gbóná. O tẹ̀ ẹ́, ó ti sọ̀rọ̀. Kò ní òórùn. Tó o bá gbé ìbọ̀sẹ̀ lé e, bó ṣe tutù lo ṣe máa bá a.

Mo rò pé ìdí tí mo fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn… rárá. Jẹ́ n sọ òótọ́ lónìí, kò sí ẹnì kankan níbí. Àná ni mo kórìíra rẹ̀.

Àná, ó gbé àgbà padà wá láti ọ̀dọ̀ Onírédíò. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa, mo fẹ́ dán nǹkan wò." Mo yí àga sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí. Ó ta gìtá bàbá rẹ̀. Ó tún un ta. Orin kan náà, ìka kan náà.

"Èwo ni ti Bàbá?"

Èmi tí mo máa ń mọ̀ lórí okùn pé ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ ti bá ìyàwó rẹ̀ jà kó tó kúrò nílé. Èmi tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè nínú ẹbí bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bi ìyàwó àgbà, òun ló mọ ẹni tó bí ẹni tó bí wa, òun ló mọ ilé tí wọ́n gbé àti ọdún tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ronú. Mo ní, "Èkejì ni. Ta ló máa ṣì í mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò fi ìkà rẹ́rìn-ín, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bá a ṣe ń rẹ́rìn-ín ọmọdé tó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló rẹ́rìn-ín mi. "Ayékòótọ́ ni èkejì, Mọ́mì."

Ojú mi wà lára ògiri, mo rí ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí. Ohùn ọkọ mi dún nínú ilé mi, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí ẹyẹ.

Ó wá fẹ́ tù mí nínú. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, sípíkà tuntun ló wà lẹ́nu àgbà báyìí, ti tẹ́lẹ̀ ti ya, ihò mẹ́rin ló wà lára bébà dúdú inú rẹ̀. Ó ní gbogbo ayé rò pé ara gílóòbù ni ohùn híha tí Bàbá fi lókìkí ti ń wá, àṣé ara ihò yẹn ni. Ó ní ìjẹta lòun mọ̀. "Àgbà ti mọ́ tónítóní báyìí, ẹ gbọ́." Ó tún ta á. Ó mọ́ lóòótọ́. Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ…

Bí omi ẹ̀rọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní aago méjì, kì í ṣe irin nìkan ló máa gbé wá. Ó máa gbé maikirofóònù wá síwájú mi, bó ṣe gbé e síwájú àgbà. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ bàbá rẹ̀ jáde pa pọ̀, ó sì fẹ́ kí ohùn mi ṣíwájú orin. Ìtàn bí ohùn híha yẹn ṣe dé. "Bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa, Mọ́mì. Ti ìyá Bàbá."

Ti ìyá Bàbá. Ìtàn mi tó dára jù nìyẹn. Ìyá ọkọ mi kú, ọkọ mi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ta gìtá, kò jẹ, kò mu, títí ohùn ampilifáyà náà fi há bí ohùn ẹni tó ti sunkún tán. Mo sọ ọ́ níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ àádọ́ta ọdún. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin ìwé ìròyìn. Mo sọ ọ́ nídìí pósí rẹ̀ lọ́dún méje sẹ́yìn, àwọn tí kò sunkún tẹ́lẹ̀ sunkún.

Ìyá ọkọ mi ò tíì kú nígbà yẹn. Ó lo ọdún kan àti oṣù méjì sí i. Ó tiẹ̀ gbọ́ ohùn híha náà, ó ní kí wọ́n pa á, ó ń dun òun létí. Èmi ni mo gbé ikú rẹ̀ síwájú. Èmi olùtọ́jú ìtàn ẹbí, tí mo máa ń bá àbúrò ọkọ mi jà pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i, kì í ṣe Ọjọ́rú, mo gbé òkú odindi ìyá ọkọ mi láti ọdún kan lọ sí òmíràn, bí ẹni sún àga.

Kí ni mò ń bò mọ́lẹ̀? Fọ́ọ̀kì.

Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì títí di bí mo ṣe ń ronú yìí. Mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi wọ́n ta mí lọ́rẹ nígbà tí mò ń ṣègbéyàwó. Márùn-ún ní eyín mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀kẹfà ní mẹ́ta.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ olórin ọkọ mi. Wọn ò mọ̀, àwọn ọmọ ò mọ̀, mi ò sọ ọ́ fún wọn rí. Èmi, tí mo mọ orúkọ ajá tí bàbá bàbá wọn sìn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọrin, mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Màá kúrò nídìí okùn tẹlifóònù ní aago mẹ́rin, màá pààrọ̀ bàtà lórí ìrìn, aago márùn-ún bá mi nídìí maikirofóònù. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọkùnrin yìí, mo padà sẹ́nu rẹ̀. Ohùn mi ò yẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́ fún mi.

Kíṣìnnì ni mo wà, mò ń fi aṣọ nu abọ́ lọ́wọ́. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo yẹ kí n ti mọ̀ látàrí pé kò wọlé.

"Ohùn ẹ mọ́ jù."

Mo rò pé ó ń yìn mí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú fọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ téèyàn lè dì mú. Oníyanrìn láá máa kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Oníyanrìn. Bá a ṣe ń pe obìnrin náà nìyẹn, ohùn rẹ̀ ń ha bí ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń ra súìtì fún ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan láàárín òun àti ọkọ mi, mo wádìí, mo wádìí dé ibi tí ojú fi tì mí. Ká ní torí obìnrin ló ṣe é ni, ǹ bá mọ orúkọ tí n ó pè é, ẹbí á gbọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á dá a lẹ́bi. Kí ni n ó ní ó ṣe mí? Pé ó ní ohùn mi mọ́? Èkúté ilé ní ẹni tó pa òun ò dun òun tó ẹni tó gbé òun ṣánlẹ̀. Ó gbé mi ṣánlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ó jáde lọ. Ọmọ ń sùn. Ọ̀sán ni, oòrùn wọ pálọ̀, ó sì ti tan ampilifáyà kalẹ̀ kó tó jáde, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó ń gbóná lásán. Ó ń kùn hùùù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní orin lẹ́nu tó ń dúró kí wọ́n pe òun. Mo yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí pákó ò bò. Mo rí bébà dúdú ẹ̀yìn sípíkà. Mo gún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dún púpọ̀. Pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ẹnu tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí mo fẹ́ fà á yọ, fọ́ọ̀kì há mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yí i tagbáratagbára, eyín kan kán. Mo wá eyín yẹn. Mo na ọwọ́ wọ inú ibi gbígbóná yẹn, ó jó mi níhìn-ín, lẹ́yìn ọwọ́, àpá rẹ̀ rèé. Mi ò rí i. Ọmọ jí, ó ń ké.

Mo rò pé mo ti pa á. Mo fẹ́ kó dúró níwájú àwọn èèyàn ní ọjọ́ Sátidé, kó ta gìtá, kó má gbọ́ nǹkan kan.

Ó sì ta á. Ohùn tó jáde… Mo wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ohùn náà há, ó ya létí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti bú tí kò tíì fèsì. Oníyanrìn gan-an dákẹ́, ó yíjú wò ó. Àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni rẹ́kọ́ọ̀dù dé, ni òkìkí dé, ni fọ́tò dé. Oníyanrìn lo ọdún méjì, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ míì. Mo ní ọkọ mi máa pè mí padà. Mo ń dánú sọ pé kò sí ẹlòmíì tó mọ orin náà. Kò pè mí. Ó ní gìtá ti ń kọrin tó.

Mo fẹ́ pa á, mo sọ ọ́ di olókìkí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi pàtẹ́wọ́ fún fọ́ọ̀kì ara mi.

Àmọ́ àṣírí bò, ìyẹn ni mo fi ń ṣe ìtùnú. Mo gbọ́ nígbà tí ọkọ mi ń sọ fún onílù wọn, lẹ́nu ọ̀nà, pé èkúté ló wọ inú ampilifáyà òun, ó jẹ sípíkà. Onílù ní, "Ẹ ra èyí tuntun." Ó ní rárá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Onílù wá ní, "Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà o." Ẹ̀rín pa ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, mo ní, Olúwa ṣeun, ó gbà pé èkúté ni.

Ó gbà pé èkúté ni.

Aago mọ́kànlá. Jẹ́ n dìde, jẹ́ n lọ mú fọ́ọ̀kì yẹn, màá jù ú nù. Ìyẹn ni n ó ṣe. Ọmọ mi máa mọ̀ ọ́n bó bá rí i. Òun ló fẹ́ràn rẹ̀ jù nígbà kékeré, òun ló sọ ọ́ lórúkọ, ó ní Baba Arúgbó ni, torí eyín rẹ̀ kan ti yọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ á máa jà sí i lórí tábìlì, ta ni Baba Arúgbó kàn lónìí, àfi ìgbà tí bàbá wọn bá na ọwọ́ ó ní, "Ẹ mú un wá, tèmi ni." Ó sì máa ń fi jẹun. Ní gbogbo ìgbà. Fọ́ọ̀kì márùn-ún tó pé wà níbẹ̀, ó ń fi eléyín mẹ́ta jẹun, á gbé e sókè, á wò ó, á wò mí…

Á wò mí.

Mo dúró ní àárín pálọ̀. Kí ni ọmọ yẹn tún sọ láàárọ̀? Lẹ́yìn irin. Ó sọ nǹkan kan lẹ́yìn irin. Mo ti gbọ́ ọ, etí mi kì í ju nǹkan nù, ó kàn gbé e síbi kan ni. "Kì í ṣe pé ó já bọ́ síbẹ̀ o, Mọ́mì. Téèpù dúdú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó inú rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ṣẹ́ etí téèpù yẹn po."

Wọ́n ṣẹ́ etí téèpù po.

Irin kì í fi téèpù lẹ ara rẹ̀ mọ́ pákó.

Ta ló ń ṣẹ́ etí téèpù po nínú ayé mi? Ẹnì kan ni. Okùn gìtá, okùn iná, ẹsẹ̀ àga tó kán, ẹ̀yìn ìwé ọmọ, ibi gbogbo tó bá ti lẹ téèpù, á ṣẹ́ etí rẹ̀ po díẹ̀, ìwọ̀n èékánná. Mo bi í nígbà kan pé ìdí wo. Ó ní, "Kí ẹni tó bá máa ṣí i lọ́la má bàa fi èékánná wá a kiri."

Ẹni tó bá máa ṣí i lọ́la.

Mo jókòó. Kì í ṣe sórí àga, orí àgbà ni mo jókòó sí. Ó tutù. Mi ò tàn án lónìí.

Ó rí eyín fọ́ọ̀kì. Kì í ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bóyá lọ́jọ́ yẹn gan-an, bóyá kí ó tó gun orí ìtàgé. Ó mú un, ó mọ ohun tó jẹ́, ó mọ ilé tó ti wá. Ó lẹ̀ ẹ́ síbi tí òun á máa rí i ní gbogbo ìgbà tó bá ń pààrọ̀ gílóòbù. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ẹlòmíì ṣí i. Mo rò pé ìgbéraga ni.

Èkúté ló jẹ ẹ́…

Ṣé ìgbà yẹn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀? Èkúté mi. Èkúté, wá jẹun. Èkúté, ṣó ti gbóná? Gbogbo ilé mọ orúkọ yẹn, àwọn àna mi mọ̀ ọ́n, ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Mo sì ní ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́, ṣebí èmi ni mo ní gbogbo ìtàn: torí pé mo jẹ bisikíìtì rẹ̀ tó kẹ́yìn nínú agolo ni. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo jẹ bisikíìtì yẹn, òótọ́ ni. Ó ní, "Èkúté tún ti jẹun." Tún. Ó ní *tún*. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mi ò gbọ́. Èmi elétí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń fi bisikíìtì ṣàlàyé fọ́ọ̀kì.

Àti lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, nígbà tí mo sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún gbogbo ilé. Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Ó gbé ife rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ bi Èkúté mi. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo gberaga.

Burúkú ọkùnrin. O mọ̀. O jẹ́ kí n máa gbé e kiri, kí n máa fi irọ́ bò ó, kí n máa gbé òkú ìyá rẹ sókè sódò, o sì jókòó, o ń fi eyín mẹ́ta jẹun níwájú mi. Ká ní o bá mi jà. Ká ní o lù mí, ǹ bá sọ ohun tó wà nínú mi jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí n ní ìwọ lo sọ pé ohùn mi mọ́ jù. O ò fún mi láyè ìjà. O gba orin lọ́wọ́ mi, o tún gba ẹ̀ṣẹ̀ mi, o sọ ọ́ di àpárá, o sọ ọ́ di orúkọ ìfẹ́. Kí ló wá kù tó jẹ́ tèmi?

Aago méjìlá kù díẹ̀. Gíláàsì Ayékòótọ́ ń tàn búlúù lórí tábìlì.

Àgbà tí mo jókòó lé ti gba ẹnu tuntun. Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ohùn mi nìyẹn, ti ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èyí tí o kọ̀. Ihò mẹ́rin sì wà nínú ẹyẹ, ọmọ rẹ ti yà á pẹ̀lú gbogbo egbò rẹ̀, kò mọ̀ pé egbò ni, ó ní kí nǹkan kan má sọ nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́ka sí i lánàá. Etí mi ò ṣì mí lọ́nà. Ó bi mí pé èwo ni ti Bàbá, mo sì nàka sí ara mi.

Mo ti mú un láti inú dúrọ́ọ̀. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ, ibi tí ojú á ti kọ́kọ́ bà á bí ọmọ mi bá wọlé. Eyín mẹ́ta, àti ààyè ọ̀kan. Ó máa gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, ó máa wò ó, ó máa wò mí bí bàbá rẹ̀. Ó máa tún ìbéèrè yẹn bi mí sínú maikirofóònù, Mọ́mì, ta ló gún un?

Ohun tí mo sọ láàárọ̀ náà ni n ó tún sọ. Èkúté ni. N ò ní yí ọ̀rọ̀ kankan padà nínú rẹ̀. Láàárọ̀, irọ́ ni mo pa. Orúkọ mi ni n ó dá báyìí.